Bí Kìnnìún Ṣe Sùn sí Ìgándò

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, tó ń gbé ní Ìgándò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tó ní èrò tó bẹ́ẹ̀. Ẹranko ni wọn ò kà. Ká ní wọ́n kà wọ́n ni, wọn ì bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ títí di òní.

Ọ̀dọ̀ Kìnnìún ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́. Ọ́fíìsì Kìnnìún wà ní Áílàǹdì, ilé rẹ̀ sì kọjú sí ọ́fíìsì náà gan-an. Bó bá sín lórí bẹ́ẹ̀dì, akọ̀wé á dáhùn "ẹ pẹ̀lẹ́, sà" lórí tábìlì. Òun ló ṣòfin pé aago mẹ́jọ òwúrọ̀ géérégé ni kí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́jọ ò ṣe é ní nǹkan kan rí.

Ti Ìjàpá kọ́. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí. Á gun kẹ̀kẹ́ Màrúwá dé Ìkòtún, á bọ́ sínú dáńfó tí Ìmàdò ń wà. Ọ̀bọ ni kọ́ńdọ́. Ta ló tún mọ dídirọ̀ ju Ọ̀bọ lọ? Ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan lójú títì, ìrù ló fi di ilẹ̀kùn mú: "Ọ̀ṣòdì, Ọ̀ṣòdì! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín o, mi ò ní ṣénjì!" Ìkookò ni agbèrò. Kò wakọ̀, kò pèrò, àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti dúró, owó tirẹ̀ ti yọ. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wá dì wọ́n mú, Ìjàpá á dárin, gbogbo èrò ọkọ̀ á sì máa gbè é:

Lílé: Mo jí n'Ígándò, àkùkọ ò tíì kọ
Ègbè: Súnkẹrẹ, fàkẹrẹ
Lílé: Mo d'Éjìgbò, ilẹ̀ mọ́ mi lójú
Ègbè: Súnkẹrẹ, fàkẹrẹ
Lílé: Mo d'Ọ́ṣòdì, oorun gbé mi lọ
Ègbè: Súnkẹrẹ, fàkẹrẹ
Lílé: Mo dé'bi iṣẹ́, ọ̀gá ní mo pẹ́
Ègbè: Súnkẹrẹ, fàkẹrẹ
Lílé: Owó oṣù mi, ojú títì ló ń gbé
Ègbè: Súnkẹrẹ, fàkẹrẹ

Nígbà tó di 30 oṣù Kẹta 2020, àrùn Kòrónà mú kí ìjọba àpapọ̀ ní kí Èkó jókòó sílé. Ẹranko kálukú gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń ṣèṣirò lórí igi ní Ẹgbẹ́dá. Ìgbín, tí kò tíì débi iṣẹ́ kí oòrùn tó kan àtàrí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á, di ẹni tó ń ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́. Iṣẹ́ ń lọ, èrè ń wọlé. Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Kìnnìún: bó bá jáde láàárọ̀, kò sẹ́ni tó ń dọ̀bálẹ̀. Ó ń gbọ́ "ẹ káàárọ̀, sà" nínú fóònù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkíni inú fóònù kì í ní ìkúnlẹ̀ nínú. Bí ìlú ṣe ṣí báyìí, ó ní kí gbogbo wọn padà wá.

Wọ́n padà. Wọ́n ṣì ń rún un mọ́ra títí di 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti lọ. Kí oṣù yẹn tó parí, lítà kan ti fò láti ìsàlẹ̀ náírà 200 sí 488 ní Èkó. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti ń kanlẹ̀kùn 1,000. Ọ̀bọ ò tilẹ̀ dúró kí wọ́n ra epo tuntun. Epo àná tó wà nínú táǹkì ló fi gba owó ọ̀la.

Àwọn ẹranko bá pàdé lẹ́yìn ọjà Ìkòtún, wọ́n rán Ìjàpá sí ọba.

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀, èyí tí kò ṣòro fún un, ó ní: "Kábíyèsí, ìjọba Èkó gan-an, ní oṣù Kejì 2024, ní kí òṣìṣẹ́ ìpele 1 dé 14 máa wá lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀."

"Ìjọba nìyẹn," ni Kìnnìún wí. "Iṣẹ́ là ń ṣe níbí. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tí mò ń gbọ́ ńkọ́?"

"Kábíyèsí, ti pupa ń ti Agbádó lọ sí Oyíngbó, ti búlúù ń ti Mile 2 lọ sí Marina. Kí n tó ti Ìgándò dé ìdí èyíkéyìí nínú wọn, Ọ̀bọ ti gbowó lọ́wọ́ mi."

Kìnnìún ní òfin ni òfin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nílé.

Ìjàpá yí ẹ̀yìn sí i. "Kábíyèsí, ilé mi rèé. Bí mo bá jókòó sí ọ́fíìsì yín, ilé ni mo wà, mo ti rú òfin. Dípò tí n ó fi máa rú u lójú yín, ẹ jẹ́ kí n máa rú u ní Ìgándò."

Kìnnìún rẹ́rìn-ín títí gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀ fi ń mì. Ó gbà. Àmọ́ ó ní: "O ò wọ dáńfó mọ́, àbí? Mo yọ owó ọkọ̀ kúrò nínú owó oṣù rẹ."

Ìjàpá délé tayọ̀tayọ̀, NẸ́PÀ mú iná lọ. Bẹntiróòlù tó sá fún nínú dáńfó ti ṣáájú rẹ̀ délé, ó ti jókòó sínú jẹnẹrétọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, àjọ NCC tún gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé iye tí wọ́n ń gbà. Dátà náà bá di ẹran ọdún.

"Baálé mi," ni Yánníbo bi í, "kí ni ìyàtọ̀ owó yìí sí ti dáńfó?"

"Abíyá Ọ̀bọ ò sí nínú èyí," ni Ìjàpá dáhùn.

Bí epo bá tán láàárín ìpàdé, tàbí bí oorun bá ń kùn ún, Ìjàpá á fa orí wọnú: "Sà, kámẹ́rà mi ti bàjẹ́." Kìnnìún á máa wo ìkarahun lásán fún odidi wákàtí kan. Lọ́jọ́ kan, inú bí i. Ó ní òun á lọ ká a mọ́lé, ó wọ jíìpù láago méjì ọ̀sán. Ìgbà tí ilẹ̀ fi ṣú, Yánníbo tó ń palẹ̀ ọjà mọ́ ní Ìkòtún gbọ́ ohùn ńlá kan nínú dáńfó:

Lílé: Mo gun jíìpù, jíìpù kú n'Ísọlọ̀
Ègbè: Súnkẹrẹ, fàkẹrẹ
Lílé: Mo wọ dáńfó, Ọ̀bọ tẹ̀ mí nírù
Ègbè: Súnkẹrẹ, fàkẹrẹ
Lílé: Mo bú ramúramù, wọ́n ní hóònù ni
Ègbè: Súnkẹrẹ, fàkẹrẹ
Lílé: Mo l'émi lọba, wọ́n ní n sún wọlé
Ègbè: Súnkẹrẹ, fàkẹrẹ

Aago mẹ́wàá òru ló dé Ìgándò. Ìbínú tó gbé kúrò nílé ti já bọ́ sọ́nà. Omi ló béèrè. Kò sí ọkọ̀ tó ń padà mọ́, ni ọba ẹranko bá sùn sórí ẹní.

Ilẹ̀ mọ́. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn tó fẹ́ yá Kìnnìún lówó ń dúró dè é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù rẹ̀ sì ti kú.

"Ìjàpá, jọ̀ọ́, tan jẹnẹrétọ̀. Fún mi ní dátà díẹ̀."

Ìjàpá ò sọ̀rọ̀. Kìnnìún tọwọ́ bàpò, ó na ẹgbẹ̀rún náírà kan sí i. Ìjàpá yọ orí jáde díẹ̀díẹ̀, ó wo owó náà síwá sẹ́yìn.

"Kábíyèsí, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín o. Mi ò ní ṣénjì."