Bí Ọ̀dẹ̀ Ṣe Ń Tún Katakata Ṣe

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, gbogbo ayé ń túlẹ̀, Massey Ferguson 135 tí o jogún sì kú sí àárín oko. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Má ronú o. Ìrònú ló ń ba iṣẹ́ ọ̀dẹ̀ jẹ́. Fọwọ́ lé ìbàdí, mi orí, kí o sì wí pé: “Táímìn ni.”

Bí o bá ti sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó dúró tì ọ́ á gbà pé o mọṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má wá rán ọ létí pé jíà ló ń yí pọ́ǹpù tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnnì lákòókò, pé bí a ò bá tú u, táímìn rẹ̀ kì í dédé ṣí kúrò láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán.

Má ṣí ìdérí táǹkì wò. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí eruku bá dí i, dísù kò ní sàn mọ́. Bí o bá tú u tó mí “fíìì”, tí katakata sì jí, iṣẹ́ parí lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn, kí lo wá fẹ́ ròyìn nílé? Má sì wo ife tí ìdọ̀tí epo ń sílẹ̀ sí. Omi wúwo ju dísù lọ, ìsàlẹ̀ ife ló ń jókòó sí, o lè lọ rí ohun tí wọ́n tà fún ọ nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì.

Lọ ra púlọ́ọ̀gì. Ra mẹ́ta, torí ẹ́ńjìnnì Perkins oní-sìlíńdà mẹ́ta ni. Ẹ́ńjìnnì dísù kò níbi tí a ń fi í sí, ooru afẹ́fẹ́ tí písítìn fún pọ̀ ló ń dáná sí epo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà kò ní sọ ìyẹn fún ọ. Òun náà lọ́mọ nílé ìwé.

Tó o bá dé, máa ta sítátà títí bátìrì á fi kú. Afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù epo, àbí? Àwọn onísùúrù a máa dẹ nọ́ọ̀tì kékeré orí fílítà, wọ́n á máa fọwọ́ tẹ apá irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù kékeré tó ń fa epo láti táǹkì. Ìfófòó funfun á kọ́kọ́ máa hó jáde, á dín kù, títí dísù gidi á fi máa sàn láìsí ìfófòó kankan. Wọ́n á dè é, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún pọ́ǹpù ńlá, kí wọ́n tó kan nọ́ọ̀tì àwọn nọ́sù tó ń tu epo sínú ẹ́ńjìnnì. Bí apá irin náà bá rọ̀ dẹ̀dẹ̀ tí kò fa nǹkan kan, wọ́n á yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, torí kámù ló gbé e dúró, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ yìí ń ba aṣọ jẹ́. Aṣọ tìrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìfọṣọ dé.

(Àwàdà kọ́ lèyí o: má fi ọwọ́ yẹ nọ́sù tó ń tu epo wò láé. Agbára tó fi ń jáde lè gún awọ, kó gbé dísù wọnú ẹran ara. Ojú ọgbẹ́ náà lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn ni kó o sáré lọ lójú ẹsẹ̀.)

Bí wọ́n bá ní kí o po kẹrosíìnì mọ́ dísù kó lè fúyẹ́, pò ó. Dísù ló ń mú inú pọ́ǹpù yọ̀ kó má baà ha ara rẹ̀ jẹ; kẹrosíìnì kò lọ́ràá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń wo inú?

Ó yá, táímìn. Ìlà kan wà létí pọ́ǹpù, èkejì wà lára ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kojú ara wọn. Fi sáńpépà ha méjèèjì dànù, kí irin dán. Tú nọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, yí pọ́ǹpù síbi tó bá wù ọ́. Bí epo bá yá jù, ẹ́ńjìnnì á máa dún kókókó, títí písítìn á fi bàjẹ́. Bó bá pẹ́ jù, kò ní fẹ́ jí, èéfín funfun á bolẹ̀, ará abúlé á rò pé o ń sungbó. Bó bá jẹ́ èéfín dúdú ni, fílítà afẹ́fẹ́ lè ti dí. Ìwọ ṣáà fún un ní epo sí i.

Nígbà tó bá sú ọ, yọ pọ́ǹpù sínú àpò sìmẹ́ńtì, má dí ẹnu rẹ̀, kí o gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí Ìsẹ́yìn. Bí oníṣẹ́ pọ́ǹpù bá béèrè ìlà, sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ làwọn òyìnbó ṣe gbé e wá.