Ẹ Wá Gbọ́ Ti Kóòṣì Tí Wọ́n Ń Nà Tí Inú Rẹ̀ Ń Dùn

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ wá nǹkan fìdí lé, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé dé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-ń-dúró-sọ. Ẹ rántí Gerry Faust? Ẹ kàn dá orúkọ yẹn láàárín àwọn bàbá olórí ewú tó ti ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ Notre Dame láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kí ẹ wá máa wò wọ́n. Wọ́n á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Wọ́n á mi orí. Ìgbà tó bá yá, ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan á sì ní, “Ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni o.” Kò sẹ́ni tó máa sọ pé kóòṣì dáadáa ni. Ẹ dákun, irú oríkì wo nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n dá sùúrù fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí Okocha fi ń jó níwájú àwọn ará Jámánì. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tó gùn bí ìbẹ́pẹ, tí géńdé kan á gbá mọ́ àyà, tí géńdé mẹ́ta á sì fò lé e lórí. Ilé ẹ̀kọ́ tí à ń sọ náà, Notre Dame, yunifásítì àwọn Àgùdà ni, ní South Bend, ní ìpínlẹ̀ Indiana. Àlùfáà ló dá a sílẹ̀ ní 1842. Ẹ má sì wò mí báyẹn, ẹ mọ ibẹ̀ dáadáa! Ṣebí àwọn náà ni Àrìkẹ́ wa, Arike Ogunbowale, ju bọ́ọ̀lù sápẹ̀rẹ̀ fún ní ọjọ́ Àjíǹde 2018, nígbà tí aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá, tó sì gba ife-ẹ̀yẹ fún wọn mọ́ Mississippi State lọ́wọ́. Ọjọ́ méjì péré ṣáájú, ohun kan náà ló ṣe fún àwọn UConn. Ọmọ Ògúnbọ̀wálé! Ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ti Àrìkẹ́, ilẹ̀ á ṣú.

Ilé àdúrà ni ilé bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ilé bọ́ọ̀lù sì ni ilé àdúrà. Wọ́n ní ihò àpáta kan tí wọ́n kọ́ ní 1896, tí wọ́n fi wé ti Lourdes, níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń tan àbẹ́là fún Màríà Wúńdíá kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ àti kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ìkàwé wọn ńkọ́? Wọ́n ya Jésù gàgàrà sára ògiri rẹ̀ láti ọdún 1964, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Àwòrán ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìkúùkù kọ́ ni rẹfirí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà máa ń nà sókè tí bọ́ọ̀lù bá ti wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní touchdown. Ọwọ́ méjèèjì gbọọrọ ni. Láyé ìgbà náà, inú pápá ni èèyàn sì ti ń rí àwòrán yẹn kedere. Ẹ mọ ohun tí àwọn ọmọ ìta sọ orúkọ rẹ̀? Touchdown Jesus. Olúwa ṣàánú wa.

Irú ibẹ̀ ni Faust ti ń lálàá rẹ̀ láti kékeré. Ọmọ Dayton ni, ní Ohio, wọ́n bí i ní 1935. Kóòṣì ni bàbá tó bí i, bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ìjọ Àgùdà ni wọ́n fi tọ́ ọ. Nígbà tó dàgbà, ó lọ ṣe kóòṣì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ọkùnrin kan ní Cincinnati tí wọ́n ń pè ní Moeller, ilé ìwé tuntun tí kò tíì ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kankan. Òun ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ó ń na ará iwájú, ó ń na ará ẹ̀yìn. Ó gba ife ìpínlẹ̀ Ohio lẹ́ẹ̀marùn-ún, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀gá gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìdíje tó ṣẹ́gun lé ní 170. Èyí tó pàdánù ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kò tó 25. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, a óò lò ó.

Ohùn bàbá yìí nìkan tó ìtàn. Ó ti ha, ó ti ya. Tó bá kí yín “ẹ káàárọ̀” báyìí, ẹ ó rò pé ó ti ń pariwo láti ìdájí, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì sọ nǹkan kan. Míísà kì í wọ́n ọn, àdúrà kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́bàá pápá gan-an, bí nǹkan bá ti fẹ́ yíwọ́, “Mo kí ọ Màríà” ni.

Lára àwọn ọmọ tó kọ́ ní Moeller, Notre Dame ń kó wọn lọ. Ẹ gbọ́ ti ọ̀kan nínú wọn, Harry Oliver, ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù. Oṣù Kẹsàn-án 1980 ni, Michigan wá sí South Bend, wọ́n sì fi ayò kan ṣíwájú. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù. Wọ́n ní kí Oliver wá gbá bọ́ọ̀lù sáàárín igi láti yáàdì 51. Yáàdì 51! Ọmọ tí kò gbá irú rẹ̀ rí nínú ìdíje yunifásítì! Atẹ́gùn sì ń fẹ́ bọ̀ wá pàdé rẹ̀ lójú. Ẹ wá gbọ́ o: àwọn tó wà níbẹ̀ búra títí dòní pé bí ọmọ yẹn ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀, atẹ́gùn dúró. Ó dúró jẹ́ẹ́. Bọ́ọ̀lù lọ, ó lọ, ó fi díẹ̀ kọjá igi. 29 sí 27. Ẹ bi ará Notre Dame kankan pé ta ló dá atẹ́gùn dúró, ògiri ilé ìkàwé ló máa nàka sí.

Níbo ni mo dé? Ẹ̀n-ẹ́n. Atẹ́gùn tó dúró fún ọmọ tí Faust kọ́, ẹ máa wò ó bóyá ó dúró fún Faust.

Ọdún 1980 yẹn náà ni Dan Devine, kóòṣì tó ti gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà fún wọn ní 1977, ní òun ń lọ. Fadá Hesburgh tó jẹ́ ààrẹ yunifásítì àti Fadá Joyce, igbákejì rẹ̀, wo ọ̀tún wo òsì. Kóòṣì ńlá ńlá kún Amẹ́ríkà. Ta ni wọ́n mú? Tíṣà girama láti Cincinnati! Ẹnu ya gbogbo ayé. Wọ́n fún un ní ọdún márùn-ún. Ayọ̀ bàbá kò ṣeé fẹnu sọ; ó ń dì mọ́ ẹni tó mọ̀, ó ń dì mọ́ ẹni tí kò mọ̀.

Ìdíje àkọ́kọ́, oṣù Kẹsàn-án 1981: ó na LSU ní 27 sí 9. Wọ́n gbé Notre Dame sí ipò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Michigan nà wọ́n ní 25 sí 7, ó sì parí. Nígbà tí ọdún fi máa pin, wọ́n ti pàdánù mẹ́fà, wọ́n jẹ márùn-ún péré. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láti 1963.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nìyí. Bàbá yìí kì í ṣe ẹni tí kò lè na ẹni ńlá o. Ní 1982, ó lọ bá Pittsburgh nílé wọn, àwọn tó wà ní ipò kìíní, tí Dan Marino ń ju bọ́ọ̀lù fún, ó sì nà wọ́n ní 31 sí 16. USC, ọ̀tá àtayébáyé, ó nà wọ́n lọ́dún mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Lọ́dún 1985, nígbà tí wọ́n sinmi láàárín ìdíje, ó ní kí àwọn ọmọ bọ́ aṣọ aláwọ̀ búlúù, kí wọ́n wọ aláwọ̀ ewé jáde. Ariwo sọ! USC gba 37 sí 3 lọ sílé. Ẹni tó ṣe èyí, ẹ ó ní kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́ lẹ́nu mọ́, àbí?

Air Force ló yọ ọ́ lẹ́nu. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun òfuurufú, ní Colorado, àwọn ọmọ tó fẹ́ wa bàálù, tí bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Wọn kò na Notre Dame rí láyé. Lẹ́yìn tí Faust dé, wọ́n nà á ní 1982. Wọ́n nà á ní 1983. Wọ́n nà á ní 1984. Ẹ fẹ́ mọ ti 1985? Wọ́n nà á. Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń nà á! Ní 1983, 23 sí 22 ni, bọ́ọ̀lù kan ló kù tí Notre Dame máa gbá sáàárín igi kí wọ́n máa yọ̀ lọ sílé. Wọ́n gbá a, ọmọ Air Force kan na ọwọ́ sókè, ó dí i. Ní 1985, wọ́n tún gbá irú rẹ̀, wọ́n tún dí i, èyí kò sì tó wọn, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù náà sáré dé òdì kejì pápá, wọ́n fi jẹ ayò. 21 sí 15. Èmi ò mọ ohun tí bàbá fi ṣẹ ọ̀run òfuurufú.

Kí ló fà á? Àwọn àgbà ibẹ̀ á jà lé e lórí títí dọ̀la. Èmi, ohun tí mo rò ni pé ọmọ girama, tí ọ̀gá bá ní kó fò, á bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ kó ga tó. Ọmọ yunifásítì tí ojú rẹ̀ ti wà lára owó ẹgbẹ́ ńlá yóò kọ́kọ́ wo ọ̀gá láti òkè délẹ̀. Bàbá sì ń yí ọgbọ́n ìgbábọ́ọ̀lù padà lemọ́lemọ́, inú rere ń gbé e lọ síbi tí ìmọ̀ kò tíì dé.

Ariwo wá pọ̀. Wọ́n tẹ sítíkà pé kí wọ́n lé Faust, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ mọ́tò. Hesburgh ní rárá o, òun ti ṣèlérí ọdún márùn-ún, ọdún márùn-ún ni òun máa fún un. Faust ńkọ́? Ó ń kí àwọn tó lẹ sítíkà náà! Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó ṣì gbà pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó máa dára. Ẹ wá sọ bí èèyàn ṣe fẹ́ kórìíra irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kọkànlá 1985, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ku ìdíje kan. Miami ni, nílé àwọn Miami, Jimmy Johnson ni kóòṣì wọn. Ẹ̀yin tí ẹ lójú àánú, ẹ gbójú yín sẹ́gbẹ̀ẹ́. 58 sí 7. Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́. Ara Parseghian, kóòṣì Notre Dame àtijọ́, ló ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò lè pa á mọ́ra, ó ní ó yẹ kí Johnson ṣàánú. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ará Notre Dame kò fi gbàgbé. Nígbà tí Miami wá sí South Bend ní 1988 tí Notre Dame sì fi 31 sí 30 nà wọ́n, àwọn kan ń sunkún ayọ̀ nítorí Faust ju nítorí ara wọn lọ.

Ẹ rántí iye tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn? Ní Notre Dame, 30 ló jẹ, ó ta ọ̀mì kan, ó pàdánù 26. Ohun tó pàdánù ní ọdún márùn-ún ju èyí tó pàdánù ní gbogbo ìgbà ayé rẹ̀ ní Moeller lọ! Òun náà ló wá ń sọ ọ́ kiri pé ọjọ́ 26 péré ni inú òun bàjẹ́ níbẹ̀. Ó ní gbogbo ọjọ́ yòókù, kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ dùn tó tòun. Ẹ ò rí bàbá yìí!

Lou Holtz tó gba ipò rẹ̀, ọdún àkọ́kọ́ tirẹ̀ náà, márùn-ún ló jẹ, mẹ́fà ló pàdánù, bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ọdún tí Faust fi kógbá sílé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí Faust ti kó jọ wà nílẹ̀. Tim Brown, tó gba Heisman, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó ta yọ jù lọ, ní 1987, Faust ló fà á wá láti Texas. Nígbà tí Holtz wá gba ife gbogbo Amẹ́ríkà ní 1988, àwọn ọmọ tí Faust gbà wọlé ṣì wà nínú ẹgbẹ́.

Faust alára ti lọ sí Akron, ní Ohio, ó lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Ẹ má bi mí bó ṣe lọ. Ibẹ̀ náà, ìyà rẹ̀ ju ayọ̀ rẹ̀ lọ. Ó sì ń padà wá wo bọ́ọ̀lù ní South Bend, àwọn tó lẹ sítíkà nígbà yẹn ń tò láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Oṣù Kọkànlá 2024 ló jáde láyé, ẹni ọdún 89. Ó wà láyé, ẹ gbọ́ o, ó ṣì wà láyé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn nígbà tí Northern Illinois, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan tó wà ní líìgì kan náà pẹ̀lú Akron nígbà náà, wá sí South Bend tó na Notre Dame ní 16 sí 14. Bọ́ọ̀lù kan ló kù tí wọ́n máa gbá sáàárín igi. Wọ́n gbá a. Wọ́n dí i! Ẹ̀rín ni mo bú sí. Ìyẹn kò sì sí lọ́rùn Faust o, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ọn.