Onígbọ̀wọ́ Méjìdínlọ́gbọ̀n

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ìyàwó ilé. Ẹ fi ẹ̀kọ tẹ́ ẹ ń pọ́n sílẹ̀ díẹ̀, kò ní sá lọ. Ọ̀rọ̀ kan ń rìn mí lọ́fun, àmọ́ tí Bàbá Sójà bá yọjú láti ẹ̀yìnkùlé, kí ẹnì kan tètè wúkọ́, torí ọ̀rọ̀ tiwọn wà nínú ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni, 7 December 2025. Ẹ ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn, ọjọ́ tí Ìyá Onírẹsì wọ aṣọ òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí gèlè wọn ò jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn rí pásítọ̀. Ọmọ wa tó wà nílé ọkọ ní Pọ́bẹ̀ ló pè mí lórí fóònù. Ó ní àwọn sójà wà lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní Kùtọ̀nú, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ o, wọ́n ní àwọn ti lé Ààrẹ Patrice Talon kúrò lórí àga, Kọ́nẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ Pascal Tigri sì ni olórí wọn. Ariwo tí mo ké ni gbogbo yín fi sáré jáde lọ́jọ́ náà, tí ẹ rò pé ejò ni.

Ẹ ṣáà mọ bó ṣe rí ní Ìdìrókò níbí. Wọ́n á sín ní Ìgólò lódìkejì bọ́dà, àwa la ó ní ẹ pẹ̀lẹ́. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló jókòó lọ́dún 1889 tí wọ́n fi bébà pín wa sí méjì, wọn ò bi Alákétu, wọn ò bi ẹnì kankan nínú àwọn bàbá wa. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ti ń ná owó ibí, tí àbúrò ń ná sẹ́fà, tí àgbà bá sì kú láàárín wa, owó méjèèjì la fi ń ra màlúù.

Kí n má gbàgbé Ìyá Onírẹsì. Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí wọ́n gbọ́, ńṣe ni wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òkè náà. Gbogbo wa rò pé ọ̀rọ̀ ìjọba alágbádá ló dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Ìrẹsì Kérésìmesì wọn ló wà ní òdìkejì. Àwọn tó ti rí 2019 ló yé. August ọdún náà ni ìjọba wa ti bọ́dà, tí wọ́n ní ìrẹsì àti ìbọn ń gba ibẹ̀ wọlé, ti Ìdìrókò wa yìí ò sì ṣí padà títí di 2022. Ọdún méjì ààbọ̀ ó lé! Àwọn tó kọ́lé nígbà yẹn, ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìgbà náà, Nàìjíríà ò rí ojú Bẹ̀nẹ̀ sójú rárá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú yìí.

Bàbá Sójà ti gbé àga síta kí oòrùn tó kanrí. Wọ́n ní kí ilẹ̀ tó ṣú, Nàìjíríà á ti dá sí i. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣé ìjọba wa náà, tí gbogbo wa mọ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀? Àṣé Bàbá Sójà mọ nǹkan. Ìjọba Talon kọ̀wé pè wá, kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ òfúrufú ogun Nàìjíríà fi wà lókè Kùtọ̀nú, tí wọ́n lé àwọn ọmọ ogun náà kúrò nílé tẹlifíṣọ̀n àti ní bárékè tí wọ́n kó ara wọn sí. Nígbà tó dalẹ́, Talon fúnra rẹ̀ yọjú, ó ní ó ti tán. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 December, ni àwọn aṣòfin àgbà ní Àbújá wá fọwọ́ sí i pé kí ọmọ ogun wa lọ sí Bẹ̀nẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni ọkọ̀ fò, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fọwọ́ sí i. N ò bú ẹnikẹ́ni o, ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà ni mò ń kà.

Èmi náà pàtẹ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ mọ́ mi. Mo gbé ayé Abacha, n ò fẹ́ sójà nílé ìjọba, kódà kó jẹ́ ọmọ tí mo bí. Ohun tí kò jẹ́ kí àtẹ́wọ́ mi ròkè ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ wa ní Pọ́bẹ̀ ti ń sọ fún mi láti October. Ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ ni.

Ní Bẹ̀nẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ du ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ ní onígbọ̀wọ́. Kì í ṣe èmi tàbí ẹ̀yin o. Aṣòfin tàbí mẹ́à nìkan ló lè fọwọ́ síwèé fún un. Tẹ́lẹ̀, mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń wá. Lọ́dún 2024 wọ́n tún òfin ìdìbò kọ, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Aṣòfin jẹ́ 109, mẹ́à jẹ́ 77. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sílé ìwé, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. 28 ló já sí. Ẹgbẹ́ alátakò tó lágbára jù, Les Démocrates, ẹgbẹ́ Boni Yayi tó ti ṣe ààrẹ rí, aṣòfin mélòó ni wọ́n ní? 28 géérégé!

Ẹ tún un gbọ́. 28 lòfin fẹ́, 28 ni wọ́n ní. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà bínú nínú wọn. Ẹnì kan bínú. Aṣòfin wọn kan ní òun ò fọwọ́ sí ẹni tí ẹgbẹ́ mú, kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò, ló bá di ẹjọ́. 28 di 27. Àjọ elétò ìdìbò wọn ní ìwé Renaud Agbodjo, ẹni tí ẹgbẹ́ náà fà kalẹ̀, kò pé, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè sì ti ilẹ̀kùn náà pa pátápátá nígbà tí October ń parí lọ. Ọmọ wa ní lọ́jọ́ náà, ọjà Pọ́bẹ̀ dákẹ́. Mo ní irọ́ ni, ọjà kì í dákẹ́. Ó ní ó ṣáà dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ẹ ẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe ṣe é? Ọ̀dọ́kùnrin kan ní òun fẹ́ wá tọrọ ìyàwó. Ẹ ní ó dáa, ẹ ò lé e, kó ṣáà mú onígbọ̀wọ́ 28 wá. Gbogbo ẹni tó lè ṣe onígbọ̀wọ́ ní ìlú sì rèé, bóyá ló ku ẹni tí kì í ṣe ẹbí ọkùnrin kejì tó ń fẹ́ ọmọbìnrin kan náà. Ta ló máa gbé ìyàwó yẹn? Ìyá Onírẹsì ò ní fẹ́ kí n tẹ̀ síwájú níbí, torí bí wọ́n ṣe fẹ́ wọn wọlé yìí ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àwọn àgbà ilé mọ̀.

Talon fúnra rẹ̀ kò dù ú mọ́, ìgbà méjì lòfin fún un. Ọkùnrin tó ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun máa ṣe nígbà tó wọlé lọ́dún 2016, 2021 ó tún dù ú, ó tún wọlé. Mínísítà ètò ìṣúná rẹ̀, Romuald Wadagni, ni wọ́n fà kalẹ̀ fún ìdìbò April 2026. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ní November 2025, wọ́n tún fa ọdún márùn-ún tí ààrẹ ń lò gùn di méje. Ìgbà tí wọ́n wá dìbò aṣòfin ní 11 January 2026, òfin ní ẹgbẹ́ tí kò bá rí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan kò ní ìjókòó. Gbogbo ìjókòó 109 pátá, ẹgbẹ́ méjì tó ń ti ìjọba lẹ́yìn ló pín in láàárín ara wọn. Àwọn alátakò ò rí ẹyọ kan. Ta ló yìnbọn? Kò sẹ́ni tó yìnbọn. Bíńrò àti bébà ni.

Ibi tí mo ń lọ rèé: ìdìtẹ̀ ti January, ọkọ̀ òfúrufú kankan ò fò nítorí rẹ̀.

Bàbá Sójà bínú sí mi gan-an nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ṣé mò ń gbè sẹ́yìn ọlọ̀tẹ̀ ni. Mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ẹjọ́ tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà rò lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ ń jó, wọ́n ní ẹbí àwọn sójà tó kú ò rí ìtọ́jú. Òtítọ́ ò di irọ́ nítorí pé ẹnu ọlọ̀tẹ̀ ló ti jáde. 17 April 2025, sójà 54 ni àwọn agbésùnmọ̀mí JNIM pa lọ́jọ́ kan ṣoṣo lápá ibẹ̀. Ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́ta, ẹ̀yin abiyamọ! Igbó àríwá Bẹ̀nẹ̀ yẹn, ilẹ̀ Ìbàrìbá ló tẹ̀ dé, ilẹ̀ Ìbàrìbá ló sì wọ Kwara wa. Nígbà tí October ń parí lọ ni JNIM kan náà jáde láti fọ́nnu pé àwọn ti ṣọṣẹ́ ní Kwara.

Ọ̀rọ̀ ti délé báyìí. Ṣé ẹ rántí Èrúkù ní Kwara? 18 November, ìyẹn kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ Àìkú tí mò ń sọ. Inú ìsìn ni wọ́n wà nílé ìjọsìn CAC, kámẹ́rà ń ká a, gbogbo ayé sì rí bí ìbọn ṣe dún tí àwọn olùjọ́sìn wọ abẹ́ àga. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó 38 lọ. Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ti Èrúkù, wọ́n tún kó ọmọ ilé ìwé tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ní Papiri, ní ìpínlẹ̀ Niger. Mo ní Bàbá Sójà, ọkọ̀ òfúrufú yẹn, ṣé epo rẹ̀ ò ì tíì dé nígbà náà ni?

Ẹ jẹ́ n sọ tiwọn fún wọn, torí wọ́n dá mi lóhùn dáadáa. Wọ́n ní sójà tó kó ara rẹ̀ sílé tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ayé ló mọ ibi tó wà. Ajínigbé tó kó ọmọ èèyàn sáàárín igbó, bọ́ǹbù tẹ́ ẹ bá jù sí i, ọmọ yín náà ló máa bá. Mo gbà. Àmọ́ ìdajì ìdáhùn nìyẹn. Ìdajì tó kù, ẹnu ààrẹ wa la ti gbọ́ ọ ní 23 November, nígbà tí wọ́n ní kí ọlọ́pàá fi ẹ̀yìn àwọn èèyàn ńláńlá sílẹ̀ kí wọ́n lọ ṣọ́ ìlú. Ìgbà yẹn ló yé èmi òpè pé ọlọ́pàá ò tán nílẹ̀, ẹ̀yìn jíìpù ni wọ́n wà. Nílẹ̀ Yorùbá tiwa náà, nígbà tí wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 9 January 2020, mínísítà ètò ìdájọ́ ìgbà náà, Malami, ní kò bófin mu. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, 5 June 2022, wọ́n pa olùjọ́sìn ní Ọ̀wọ̀, wọ́n lé ní ogójì. Kò sẹ́ni tó tún bi wá bóyá Àmọ̀tẹ́kùn bófin mu.

Kí ẹ má sì rò pé Talon nìkan ni bíńrò ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. 25 February 2022 ni Buhari buwọ́ lu òfin ìdìbò tiwa. Nígbà tó pé ọdún kan géérégé, 25 February 2023, a lọ dìbò ààrẹ. Ẹ̀rọ BVAS mọ ojú mi, ó mọ ìka mi, mo yọ̀. Wọ́n ti ní èsì á máa hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ibùdó lọ́hùn-ún. Èsì aṣòfin ń gòkè, ti ààrẹ kọ̀, ó ní òun ò gòkè. Nígbà tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, 26 October 2023, wọ́n ní àìgòkè rẹ̀ kò tó láti fagi lé ìbò, torí òfin ò kàn án nípá. Bí èsì ṣe máa rìn, ọwọ́ INEC lòfin ìgbà náà fi í sí. Ọmọ mi tó ka ìwé ní kí n máa ka òfin kí n tó dìbò. Mo ní kó bá mi ka tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ n padà sọ́dọ̀ Bàbá Sójà, torí ìyókù dùn. Mo ní Bàbá, Nìjẹ̀ ti Faransé ńkọ́? 26 July 2023 ni sójà gbàjọba níbẹ̀. Ààrẹ wa ni olórí ECOWAS nígbà náà, wọ́n fún wọn ní ọjọ́ méje, wọ́n ti bọ́dà, wọ́n gé iná mànàmáná. Ọjọ́ méje pé, ọkọ̀ kankan ò fò. February 2024 wọ́n dá púpọ̀ nínú ìyà náà dúró fúnra wọn. January 2025, Nìjẹ̀, Mali àti Burkina Faso kó ẹrù wọn jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Bàbá Sójà ní Nìjẹ̀ jìnnà, wọ́n ti mú ààrẹ ibẹ̀ mọ́lé. Kùtọ̀nú wà lẹ́nu ọ̀nà Èkó, Talon ò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ gidi, mo mi orí sí i.

Ìgbà náà ni mo wá bi wọ́n léèrè ọkọ̀ òfúrufú kejì. Ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ Kùtọ̀nú, 8 December, ọkọ̀ ológun wa kan tó ń lọ sí Portugal ṣàdédé balẹ̀ ní Bobo-Dioulasso, ní Burkina. Èèyàn 11 wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ó wọ ojú ọ̀run àwọn láìgbàṣẹ, ni wọ́n bá dá gbogbo wọn dúró. Ó di kí Mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wa nígbà náà, Yusuf Tuggar, gbéra lọ sí Ouagadougou lọ rí Ibrahim Traoré, tó fi ìbọn gbàjọba ní September 2022.

Mo ní Bàbá, èyí tó fẹ́ fi ìbọn gbàjọba ní Kùtọ̀nú, bọ́ǹbù la fi kí i. Èyí tó fi ìbọn gbàjọba ní Burkina, mínísítà la fi kí i. Ṣé òun ti rí onígbọ̀wọ́ 28 ni?

Wọ́n ní kí n lọ wo ẹ̀wà mi lórí iná.