Kẹ̀kẹ́ Ò Tíì Yí, Aṣọ Ẹbí Ti Délẹ̀

Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ wo ìlú Ìbàdàn. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá o. Kẹ̀kẹ́ ológeere gan-an, èyí tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹgbẹ́ ti fìdí múlẹ̀ lórí WhatsApp. Alága wà, igbákejì alága wà, akọ̀wé àti akápò wà, ìyá ẹgbẹ́ wà, bàbá ìsàlẹ̀ náà wà, ẹni tó jẹ́ pé láti ìgbà tó ti ra mọ́tò àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti kan pẹ́dàlì mọ́. Aṣọ ẹbí ti jáde: ṣẹ́ẹ̀tì àdìrẹ aláró, pẹ̀lú fìlà tó bá a mu. Kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Èyí tó wà nílẹ̀ kò pé márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ọmọ akápò, táyà kéékèèké méjì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ọmọ náà má baà ṣubú. Alága ti ní ìyẹn ni òun máa gùn.

Ọjọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ jà lé lórí. Sátidé kò ṣeé ṣe, nítorí Sátidé ni gbogbo Ìbàdàn máa ń ṣòde. Abẹ́ kánópì olóòkú kan ni wọn ó kàn gun kẹ̀kẹ́ wọ̀, wọ́n á bu ìrẹsì fún wọn, ìrìn ti parí nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú, àwọn ọmọ ìjọ ní àwọn ò lè pa Ọlọ́run tì torí kẹ̀kẹ́, àwọn kan náà tó máa ń pa á tì torí Arsenal. Jímọ̀, àwọn Alhaji ní ká má tiẹ̀ dá a lábàá. Ó wá ku àwọn ọjọ́ iṣẹ́, kálukú sì rántí lójijì pé òun ní ọ̀gá. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò sí oṣù kẹjọ, nítorí ìgbà náà ni Bùọ̀dá Ìlú Ọba máa wálé. Oṣù kẹjọ, ní Ìbàdàn! Ìlú tí odò Ògùnpa ti ya wọlé àwọn èèyàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó gbé ilé, tó gbé mọ́tò, tó gbé ènìyàn lọ. Nígbà tí akọ̀wé rán wọn létí, alága fèsì pé kí kálukú mú agbòjò dání. Ọwọ́ wo ni wọn ó wá fi di kẹ̀kẹ́ mú, kò sọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ Bùọ̀dá Ìlú Ọba yìí, nítorí ó tó ó dúró tì. Òun nìkan ló ní akoto. Ó ní ṣòkòtò péńpé tó lẹ̀ mọ́ itan pinpin, tí wọ́n rán tìmùtìmù sí nídìí. Nígbà tó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, àǹtí kan nínú ẹgbẹ́ bi í tìfẹ́tìfẹ́ bóyá dókítà ló ní kó máa wọ̀ ọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù tó ti ń bọ̀, wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ àyálò sójú títì láti ọdún 2010. Èèyàn á sanwó, á fà á yọ, á gùn ún débi tó ń lọ, á sì tì í bọ ibùdó mìíràn. Ó wá ń bi ẹgbẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ láti Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀ dà. Ó wà dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi. Ó wà láàárín takisí Máíkírà àti gọ́tà. Kí ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ awakọ̀ Máíkírà tó bá yọ lójú fèrèsé lè jẹ́ pé ó fẹ́ yà, ó lè jẹ́ pé èrò Ọjọ́ọ̀ ló ń pè, ó sì lè jẹ́ pé atẹ́gùn lásán ló ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́, kó sún mọ́ ọn.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀. Ẹnu géètì Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti wà láti 1948, ni wọn ó ti gbéra, wọ́n á gba Ṣàngó àti Mọ́kọ́lá já sí Dùgbẹ̀ láti wo Ilé Kòkó. Ilé alájà 26 ni, ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, owó kòkó ló sì kọ́ ọ. Kòkó yẹn ńkọ́, báwo ló ṣe jáde lóko? Orí ló ru èyí tó pọ̀, òmíràn sì gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ jáde lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀, ẹni tó ń wà á kò ní akoto, kò ní tìmùtìmù nídìí, kò sì dáṣọ ẹbí pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ọmọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló kún inú ẹgbẹ́ yìí. Ohun tí wọ́n sì ń lọ ṣe nídìí Ilé Kòkó ni pé kí wọ́n fara ti kẹ̀kẹ́, kí wọ́n ya fọ́tò.

Láti ibẹ̀, ó di pápá ìṣeré tí wọ́n ṣí ní 1960, tí wọ́n ń pè ní Liberty nígbà náà, tó ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, tí Fullmer jókòó jẹ́ẹ́ sí igun rẹ̀ lẹ́yìn ìpele keje, tí kò dìde fún ìkẹjọ. Bàbá ìsàlẹ̀ náà á jókòó níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká má tanra wa. Ariyànjiyàn tó máa kù ni ta ni yóò bá wọn ti kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Gbogbo ìyẹn, eré ni. Òkè ló kù. Àwọn jagunjagun tó pàgọ́ sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829 kò wá ibi tí táyà yóò ti máa yí geere. Orí òkè ni wọ́n wá, kí wọ́n lè tètè rí ọ̀tá lókèèrè, kó sì ti rẹ ọ̀tá tẹnutẹnu kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́, ẹ̀yin ni ọ̀tá náà. Ètò ààbò yẹn kò sì tíì bàjẹ́. Ẹ ó gba Mọ́lété dé ẹsẹ̀ Òkè Mápó, ẹ ó gbójú sókè, ẹ ó rí òpó ràbàtà-ràbàtà gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, ìyá ẹgbẹ́ á sì sọ̀rọ̀ tí kálukú ti ń rò nínú pé, “Ṣebí a ti rí i láti ìsàlẹ̀ ńbí?”

Ṣùgbọ́n alága kò mọ̀ ju “a ó máa lọ.” Lẹ́yìn Mápó, Òkè Ààrẹ ló kọ sílẹ̀, níbi tí Láyípo wà, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Ọ̀gágun Bower, Rẹ́sídẹ́ǹtì (aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì) àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, ẹni tó rọ̀jò ìbọn lé Ọ̀yọ́ lórí ní 1895. Èèyàn á fi itan gun Mápó, á fi ẹ̀mí gun Òkè Ààrẹ, á wá bá àtẹ̀gùn tó ń yí tó ń yí níbẹ̀. Bower fúnra rẹ̀ ò fi irú ìyà yìí jẹ wá nígbà ayé rẹ̀. Mo gbà pé ẹni tó bá dé orí rẹ̀ á rí ohun tí ojú ń wá: òrùlé páànù tó ti dípẹtà, pupa rẹ́súrẹ́sú, lọ súà títí ojú ò fi tó o mọ́. Tó bá ṣì ríran.

Mo ti bá wọn sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n dojú ètò náà délẹ̀: ẹ gba ọkọ̀ akẹ́rù kan, ẹ kó kẹ̀kẹ́ sí i, kó gbé yín dé Òkè Ààrẹ láàárọ̀ kùtù kí Máíkírà tó jí, kí ẹ wá máa yí bọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ ṣáà yẹ bíréèkì wò dáadáa kí ẹ tó gbéra. Wọ́n ní ìyẹn ò jọ eré ìdárayá. Mo ní ó dáa, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù ni kó wà níwájú kí gbogbo èèyàn máa lọ bó ṣe ń lọ, kí ẹnì kan tó lágbára sì kó ẹ̀yìn pẹ̀lú pọ́ńpù àti túbù. Háà! Mo ti dá ogun sílẹ̀. Alága ní òun ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, nítorí kí ni wọ́n fi ń jẹ́ alága? Igbákejì ní òun á tẹ̀ lé e. Olóyè kan ní òun ò lè máa wo ìdí ẹni tí òun tó bí lọ́mọ láti Ṣàngó dé Dùgbẹ̀. Ẹni tí yóò kó ẹ̀yìn, a ò tíì rí. Ní ti pọ́ńpù àti túbù, akápò ní owó ti tán: ayàwòrán ti gbà nínú rẹ̀, dírónù ti gbà, ẹni tí yóò máa fi ọkọ̀ gbé orin tẹ̀ lé wọn ti gbà, ìyókù sì ti wà lọ́wọ́ ìyá alámàlà, ẹni kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ yìí ti sanwó rẹ̀ tán pátápátá.

Ìyá ẹgbẹ́ ló béèrè ọ̀rọ̀ tó lọ́gbọ́n jù lọ: ṣé kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ní ibi tí èèyàn lè jókòó sí lẹ́yìn, kí ẹlòmíràn máa wà á? Ọkùnrin mẹ́fà ló kọ́kọ́ ní àwọn á gbé wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Mápó wà lójú ọ̀nà, ó ku ọ̀kan. Ìyẹn náà ní òun kàn ń ṣeré ni.

Lánàá ni alága tún gbohùn sílẹ̀. Ó ní ìpàdé ìkẹyìn lórí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yóò wáyé ní Bódìjà, nílé ìyá alámàlà. Kí kálukú wọ aṣọ ẹbí. Kí ẹni tí ilé rẹ̀ bá jìn má ṣe fòyà: àyè ìgbọ́kọ̀sí wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.