Gbèsè "Rárá" Tí Olóòtú Jẹ Òǹkọ̀wé

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ aráyé ń fi òógùn ojú ṣe, láti orí àgbẹ̀ tí ń kọ ebè títí dé orí adájọ́ tí ń dé irun ẹṣin, kò sí èyí tí ó gba àwẹ̀, tí ó gba àìsùn, tí kò sì mú kọ́bọ̀ wọlé, tó iṣẹ́ ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn àròsọ parí, tí ó fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé, tí ó wá jókòó ti ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ìyàwó ni wọ́n ń gbé bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan ní ìlú Ìbàdàn, olùkọ́ ni, ọlọ́mọ sì ni. Láti ìgbà tí ìwé rẹ̀ ti jáde nílé ni fóònù kò ti kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá dún ní òru, a ta gìrì, a máa tá ràrà wá awò ojú kiri abẹ́ ìrọ̀rí, kí ó tó rí i pé bánkì ni ó yọ owó iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ a ní, "Bàbá Ṣadé, ṣé àwọn ni?" Òun a ní, "Ó kù díẹ̀." Ìyá ìyàwó, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, sì ti bi í lójú àlejò pé, "Àna mi, àwọn tí ẹ fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí, ṣé wọ́n mọ̀wé kà ṣá?"

Ẹ má rò pé wọn kò dá a lóhùn o. Ẹ̀rọ dá a lóhùn kí ó tó wí pé ení, èjì: àwọn ti rí ìwé rẹ̀ gbà, kí ó má fèsì, bí oṣù mẹ́ta bá sì kọjá tí kò gbọ́ nǹkan, kí ó mọ̀ pé ìwé náà kò bá àwọn lára mu. Oṣù mẹ́ta náà ti kọjá tipẹ́. Ṣùgbọ́n arákùnrin wa, tí ìrètí ti sọ di onímọ̀ ìṣirò, yọ gbogbo ọjọ́ Àìkú kúrò níbẹ̀, ó yọ ọdún Iléyá, ó yọ ọjọ́ tí iná kò sí, ó sì rí i pé, ká sọ tòótọ́, wọn kò tí ì lo oṣù kan àbọ̀. Ó tún kọ̀wé sí àwọn aṣojú òǹkọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn alárinà tí ń mú nǹkan bíi pọ́n-ùn 15 nínú 100 tí òǹkọ̀wé bá rí gbà. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ péré ni wọ́n béèrè. Bẹ́ẹ̀, orí kẹrin ni ìtàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn.

Olóòtú, ìbà yín o! Adákẹ́-má-fọhùn, a-gbà-má-fèsì, ọlọ́gègé pupa tí í pa ọ̀rọ̀ kan kí igba ọ̀rọ̀ tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ! Mo mọ̀ pé ìwé tí ìjọba bá là kalẹ̀ fún ọmọ ilé-ìwé ni ó ń san owó oṣù yín, àti pé ìtàn tí kò ní ìbéèrè ní ìparí orí kò lè ra epo sínú jẹnẹrétọ̀. N kò bá yín jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ni ó dé tí ẹ kò fi lè wí i?

Àwọn àgbà a máa tu òǹkọ̀wé nínú pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, òjíṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó, fi ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń tẹ ìwé nípa fọ́tò yíyà. Ọdún 1982 ni ó tó di ìwé, nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti lé ní 60 ọdún. Èkejì, ìtàn ọ̀mu ẹmu, ẹgbẹ́ atẹ̀wé onígbàgbọ́ ni ó fi í ránṣẹ́ sí. Wọn kì í tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀, níbi tí iwin ti pọ̀ ju áńgẹ́lì lọ. Ṣùgbọ́n, Ọlọ́run á san án fún wọn, wọ́n gbé e fún Faber, tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1952. Chinua Achebe ní tirẹ̀ fi ìwé àfọwọ́kọ kan ṣoṣo tí ó ní ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò bá a tẹ̀ ẹ́ ní táípù ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbowó, wọ́n dákẹ́, wọ́n gbé e jù sí igun kan, títí ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ní ilé-iṣẹ́ rédíò fi gba ìsinmi lọ síbẹ̀, tí ó yà sọ́dọ̀ wọn, tí ó sì béèrè lójúkojú. Ìwé yẹn jáde ní 1958, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n. Isaac Thomas ni ó gbọ́n jù: òun ni ó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, òun náà ni olóòtú rẹ̀, nítorí náà nígbà tí ó gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá síwájú olóòtú ní 1929, olóòtú fara mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, ó sì di ìwé ní 1930.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí ìdúró nìkan gbà. Ẹni tó dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Rárá kì í sì í ṣe ikú: ẹni tí a bá sọ ọ́ fún a sunkún, a jẹun, a sì gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ẹni tí a kò dá lóhùn ni adìẹ bà lókùn, tí ara kò rọ okùn, tí ara kò rọ adìẹ.

Nítorí náà, mo dá àbá fún àwọn aṣòfin wa, tí mo mọ̀ pé ọwọ́ wọn dilẹ̀, pé olóòtú tàbí aṣojú tí ó bá gba ìwé lọ́wọ́ ènìyàn, tí ó sì mú un mọ́lẹ̀ láìfọhùn ju iye oṣù tí aboyún ń lò lọ, kí a mú un dé ọjà Dùgbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kí a gbé e gun àpótí, kí ó sì ka ìwé náà sókè ketekete láti ojú-ewé kìn-ín-ní dé òpin, kí àwọn ìyá aláta má sì jẹ́ kí ó fo orí kankan. Mo mọ irú ìwé tí àwọn ará wa ń kọ. Mo mọ bí àwọn míràn ti gùn tó. Kí a tó fi ọwọ́ sí òfin náà tán, ẹ ó rí i bí "rárá" yóò ti máa rọ̀ sínú fóònù gbogbo òǹkọ̀wé ilẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìkíni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.