Gígùn Ọmọ

Bàbá tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, kì í mọ gíga ọmọ rẹ̀. Gígùn rẹ̀ ló mọ̀. Ọmọ ń sùn nígbà tó jáde ní ìdájí. Ìgbà tó máa fi wọlé, ọmọ ti tún sùn. Ẹsẹ̀ tó bá yọ níta aṣọ ìbora ló fi ń mọ̀ pé bàtà iléèwé ti kéré.

Iṣẹ́ àṣetiléwá ńkọ́? Orí fóònù ni, nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé Dádì bọ̀ wálé. Third Mainland Bridge kò tó kìlómítà 12, ṣùgbọ́n tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti dé, ó gba ìṣirò, ó tún gba ẹkún.

"Dádì, méje lọ́nà mẹ́jọ ńkọ́?"

Kí Dádì tó ronú, kọ̀ǹdọ́ ti dáhùn: "Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta! Ọ̀gá, owó yín dà?"