Àtúntò, Ọba Adamáàpùrú

Àtúntò o! Àtúntò, ọmọ Ìpàdé Abẹ́lé,
Adamáàpùrú, Afìlà-kan-pín-ọ̀rẹ́-níyà,
Ọba tó fi pẹ́ńsùlù wọ́ òkè nídìí,
Tó fi ọwọ́ kan náà pa odò rẹ́.
O ò gbá bọ́ọ̀lù rí, ìwọ lò ń sọ ẹni tó máa bá ẹni gbá a.
O ò wọ bàtà yìnyín rí, ìwọ lò ń lé ẹni tó wọ̀ ọ́ kúrò nílé.
Dìde kí n kí ọ.
Bó bá rẹ̀ ọ́ láti dìde, jókòó síbẹ̀,
Orí ìjókòó náà ni gbogbo agbára rẹ wà.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ á ní ìwé lásán ni ọ́. Kò mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ńṣe ni wọ́n máa ń pín àwọn ẹgbẹ́ inú líìgì sí ẹ̀ka ẹ̀ka. Ẹ̀ka tí ẹgbẹ́ kan bá bọ́ sí ló ń sọ àwọn tí wọ́n á máa bá figa gbága, bí ọ̀nà wọn ṣe máa jìn tó, àti bóyá wọ́n máa bá wọn débi ìdíje ìparí sáà. Àwọn àgbààgbà líìgì á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á tẹ́ máàpù, wọ́n á bu kọfí. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá fi máa ṣí, o ti gorí ìtẹ́ nìyẹn: Ìlà Oòrùn ti di Ìwọ̀ Oòrùn, ọ̀tá àtayébáyé ti di àlejò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Kábíyèsí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nínú bẹ́ésíbọ́ọ̀lù ni n ó kọ́kọ́ kì.

Títí di ọdún 1968, ẹni tó bá ṣaájú National League àti ẹni tó bá ṣaájú American League ló máa ń pàdé nínú World Series, àṣekágbá sáà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọdún 1969 ni wọ́n pín líìgì kọ̀ọ̀kan sí Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn, ni ọjọ́ rẹ bá pé. Nínú National League, o fi Atlanta àti Cincinnati sí Ìwọ̀ Oòrùn, o fi Chicago àti St. Louis sí Ìlà Oòrùn. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bá wo máàpù á rí i pé Chicago àti St. Louis gan-an ló sún mọ́ ibi tí oòrùn ń wọ̀ ju Atlanta àti Cincinnati lọ. Ṣùgbọ́n kí lọmọdé mọ̀? Oòrùn fúnra rẹ̀ kò bá ọ jiyàn. Sáà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló fi ń wọ̀ síbi tí o ní kó wọ̀ sí.

Ọdún 1993 ni ọgbọ́n rẹ wá so èso. San Francisco borí nínú eré 103. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń gba ife pẹ̀lú iye tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Atlanta, tí ìwọ fọwọ́ ara rẹ gbé wá láti òdìkejì ilẹ̀, wà lẹ́ka kan náà, ó sì borí nínú 104. Bí ọjọ́ tí sáà máa parí ṣe mọ́, ọ̀kan náà ni iye àwọn méjèèjì. Atlanta na Colorado. Los Angeles fi 12 sí 1 fọ San Francisco mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ tó borí nígbà mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún bá di ẹrù, ó gbalé lọ.

Àánú ṣe ọ́, oníṣègùn ńlá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, o dá Atlanta padà sí Ìlà Oòrùn, o dá ẹ̀ka kẹta sílẹ̀, o sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ tó bá gba ipò kejì tó dáa jù. Ìyẹn ni ìbá gba San Francisco là. Lọ́dún 1994 kan náà ni àwọn agbábọ́ọ̀lù daṣẹ́ sílẹ̀, tí World Series kò wáyé rárá.

Apo-àgbo-de-òkú,
Oògùn rẹ jinná, aláìsàn ti relé.

Lọ́dún 2013, o gbé Houston kúrò nínú National League, o jù ú sí American League. Sáà àkọ́kọ́ tó lò níbẹ̀, eré 111 ló pàdánù. Ó pẹ́ díẹ̀, ó mójú kúrò lára ìyà, ó gba ife World Series lọ́dún 2017. Nítorí pé ó ti kọ́kọ́ gba adé National League lọ́dún 2005, òun ni ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó ti jọba nínú líìgì méjèèjì. Mú ìyẹn, Kábíyèsí, tìrẹ ni.

Àmọ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀, bí oṣù Ọ̀wàrà bá ti wọlé, tí ìdíje ìparí sáà bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ká ọ̀rọ̀ mọ́. O lè kó wọn jọ, o ò lè sọ ẹni tó máa rẹ́rìn-ín. Seattle borí nínú eré 116 lọ́dún 2001, kò dé World Series. St. Louis borí nínú 83 péré lọ́dún 2006, òun ló gbé ife náà relé. Lọ́dún 2022, o ní kí ẹgbẹ́ méjìlá máa wọlé síbi ìdíje náà. Nígbà tó di 2023, Atlanta tó borí nínú 104, Baltimore tó borí nínú 101 àti Los Angeles tó borí nínú 100 kó ẹsẹ̀ sínú ìdíje náà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó borí nínú ìpele kan ṣoṣo. Arizona tó borí nínú 84 ló lé Los Angeles jáde, tó sì rìn dé World Series.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, Seattle gba Detroit lálejò. Eré karùn-ún ni, ẹni tó bá pàdánù á palẹ̀ mọ́. Abala mẹ́sàn-án ni bẹ́ésíbọ́ọ̀lù. Wọ́n gbá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Méjì sí méjì, méjì sí méjì, ilẹ̀ ń ṣú lọ, kò sẹ́ni tó dìde nílẹ̀. Àwọn ajùbọ́ọ̀lù tó jẹ́ pé àwọn ni í máa ń bẹ̀rẹ̀ eré, Logan Gilbert àti Luis Castillo, bọ́ sórí pápá lóru láti wá fi èjìká tó kù di ojú àlàfo. Ó ku díẹ̀ kó pé wákàtí márùn-ún kí Jorge Polanco tó gbá bọ́ọ̀lù kan sí ọ̀nà ọ̀tún, tí ẹnì kan sáré wálé, tí ó di mẹ́ta sí méjì. Ẹni tó wà ní pápá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bó o bá bi í léèrè ẹ̀ka tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, á wò ọ́ bí ẹni ń wo wèrè. Ìwọ á sì jáde, wàá ní ìwọ lo ṣètò rẹ̀. A gbà. Ìwọ lo tẹ́ ẹní. Àwọn kan ló jó.

Ẹ jẹ́ ká lọ sórí yìnyín wàyí, níbi tí adé rẹ ti ń kọ mànà.

Àtúntò, Akẹ́rù-lójijì,
Ọba tí í ránṣẹ́ sí onílé pé àlejò ti gba ilé,
Nínú bẹ́ésíbọ́ọ̀lù, ìlà lò ń fà;
Nínú họ́kì kékeré, ìlú gan-an lò ń tú.

AHL ni líìgì tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n tó gòkè sí NHL, líìgì họ́kì tó ga jù. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní ọ̀gá lókè tó ń bọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ọ̀gá yìí ń sọ ibi tí yóò sùn. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2015, o bu ẹgbẹ́ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, o dà wọ́n sí California. Worcester lọ sí San Jose. Norfolk lọ sí San Diego. Ti Glens Falls lọ sí Stockton, ti Oklahoma City lọ sí Bakersfield. Manchester ti New Hampshire lọ sí Ontario; kì í ṣe Ontario ti Kánádà o, ọ̀kan wà ní California, nítòsí Los Angeles.

Ìdí rẹ mọ́gbọ́n dání, n ò ní purọ́ mọ́ ọ. Bí Los Angeles, ọ̀gá Manchester, bá pe ọ̀dọ́ kan láti ibẹ̀, bàlúù ló máa gbé e láti etí òkun kan dé èkejì. Láti Ontario, mọ́tò ti tó. Ọ̀nà kúrú fún ọ̀gá, ọ̀nà kúrú fún ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù títí yìnyín fi yọ́, tó ń fa ọmọ lọ́wọ́ wọ gbọ̀ngàn ní alẹ́ Sátidé, òun nìkan ni kò sí lórí máàpù yẹn.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ yẹn ni ará Manchester ti gbọ́ pé ẹgbẹ́ wọn ń lọ, sáà sì ṣì kù repete. Àwọn ọmọ náà kò sọ igi sílẹ̀. Wọ́n ṣaájú gbogbo líìgì, wọ́n wọ ìdíje ìparí sáà, wọ́n fi eré márùn-ún rán Utica relé ní àṣekágbá, wọ́n gba ife Calder, ife AHL, ní oṣù Òkúdu. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ife náà máa dé Manchester nìyẹn. Wọ́n gbé ife lókè, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹgbẹ́ ti lọ. Níbòmíràn, tí èèyàn bá ṣe dáadáa, wọ́n á ní kó dúró. Níwájú rẹ, Kábíyèsí, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́.

O tún ṣe wọ́n lóore. Ẹgbẹ́ kan wà ní Ontario tẹ́lẹ̀, nínú ECHL, líìgì tó wà nísàlẹ̀ AHL. O gbé ìyẹn wá sí Manchester, o fi Monarchs, orúkọ tí ẹgbẹ́ tó lọ fi sílẹ̀, bò ó. O mú ẹ̀gbọ́n lọ, o fi àbúrò rọ́pò, o ní kí ìyá má ṣe sunkún, ṣebí orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Nígbà tó di 2019, àbúrò náà kógbá wọlé. Norfolk ńkọ́? Lọ́dún 2012, eré 28 ni wọ́n fi borí léraléra, wọ́n sì gba ife Calder. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ wọn ti ń yá oòrùn ní San Diego.

Àtúntò, Aṣírò-má-dọ́gba! Àwọn ará California dé tán, o ní kí wọ́n máa gbá eré 68, kí àwọn yòókù máa gbá 76. O wá ti ẹgbẹ́ Texas àti ti San Antonio mọ́ wọn nínú ẹ̀ka tí o sọ ní Pásífíìkì, àwọn tí kò gbọ́ ìró òkun náà rí; eré 76 làwọn sì ń gbá. Báwo la ṣe máa mọ ẹni tó wà níwájú? O ní ká má ka pọ́íǹtì mọ́, ká máa ṣírò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Alátìlẹyìn tó ti gbé fìlà ẹgbẹ́ wọ̀ tún ní láti wá ẹ̀rọ ìṣirò dání. Ó di sáà 2022-23 kí gbogbo wọn tó jọ ń gbá iye kan náà, 72.

Kí n má gbàgbé ẹgbẹ́ tó ń tọ́ ọmọ fún Calgary. Ó wà ní Omaha lọ́dún 2005. Ó sún lọ sí Quad Cities. Ó sún lọ sí Abbotsford. Ìyẹn wuyì: ẹ̀gbẹ́ Vancouver ni Abbotsford wà, Vancouver sì ni ọ̀tá Calgary. O ní kí àwọn èèyàn máa pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tí ọ̀tá ń tọ́. Nígbà tó yá, ìlú náà fowó ara rẹ̀ ra ara rẹ̀ jáde nínú àdéhùn tó bá ẹgbẹ́ náà ṣe, kí wọ́n lè máa lọ. Ó lọ sí Glens Falls fún sáà kan, ó lọ sí Stockton, kó tó wá balẹ̀ ní Calgary fúnra rẹ̀ lọ́dún 2022, nínú gbọ̀ngàn kan náà pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀. O rìn yí ayé ká, o wá rí i pé ilé ló dára.

Ní Calgary yìí kan náà, Jarome Iginla, tí bàbá rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, gbé orúkọ Yorùbá sẹ́yìn láti 1996 di 2013. Ó jẹ́ balógun wọn, ó jẹ góòlù 525 fún wọn. Bí mo bá fẹ́ kí ẹni tí oríkì tọ́ sí, òun ni ǹ bá kí. Àmọ́ ìwọ lo kàn lónìí.

Abbotsford tí wọ́n ní kò fẹ́ràn họ́kì kékeré ńkọ́? Lọ́dún 2021, Vancouver gbé ẹgbẹ́ tirẹ̀ wá síbẹ̀. Àwọn ará ìlú rí ọmọ tí wọ́n lè pè ní tiwọn. Lọ́dún 2025, wọ́n gba ife Calder. Wàá ní àtúntò náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí o béèrè ẹni tí ará ìlú fẹ́ràn, o rí bó ṣe rí.

Àtúntò, Abomi-dídì-sí-aṣálẹ̀! Ìwọ lo gbé yìnyín kalẹ̀ ní Thousand Palms, ní California, níbi tí ooru oṣù Òkúdu ti ń bó èèyàn láwọ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ará Coachella Valley ti gba Hershey lálejò ní eré keje àṣekágbá ọdún 2023. Wọ́n jẹ méjì, Hershey san méjì padà, ó sì gba ẹ̀kẹta ní àfikún àkókò. Hershey, ìlú kékeré tí wọ́n ti ń ṣe ṣokoléètì ní Pennsylvania, ti wà nínú líìgì yìí láti ọdún 1938, ife Calder mẹ́tàlá ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣí lọ, kò yí orúkọ padà, kò gba àbúrò rọ́pò ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ohun tí o kọ́ àwọn ìlú yòókù, Hershey ò gbà á lẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀fun mi gbẹ, Kábíyèsí. Akígbe kì í kí ọba lọ́fẹ̀ẹ́. Owó kọ́ ni mo fẹ́ gbà. Lákọ̀ọ́kọ́, gbé pẹ́ńsùlù rẹ jìnnà sí Hershey. Lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí ẹ bá tún ti ilẹ̀kùn mọ́rí láti tẹ́ máàpù, ẹ fi àga kan sílẹ̀ fún ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí o bá ṣe é, n ó wá kí ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní sí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Bí o bá kọ̀, má ṣèyọnu: ohùn ò tíì há mi, ìwọ náà ò sì ní yé pèsè orúkọ tuntun tí n ó máa pè ọ́.